Ṣé ọyẹ́ ò ní ba ceramic jẹ́ lára mọ́tò? Ìbéèrè kan láti Iléṣà

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọyẹ́ o. Iléṣà ni mo wà, lápá Ìsọ̀kùn. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra Corolla dúdú kan, tòkunbọ̀ ni, ọ̀dà ara rẹ̀ ṣì ń dán. Mo fẹ́ kí wọ́n fi ceramic, oje tí wọ́n ń tẹ́ sórí ọ̀dà mọ́tò láti dáàbò bò ó, bò ó kí Ìwúdè, ọdún ìlú wa, tó dé, torí àwọn ẹbí máa wálé, mi ò sì fẹ́ kí eruku tètè ba ojú rẹ̀ jẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Kánádà pè mí lálẹ́ àná, ó ní èèyàn kì í fi ceramic sára mọ́tò nígbà òtútù, pé kò ní dì, pé kí n dúró di ìgbà ooru. Ọmọkùnrin tó ń fọ mọ́tò fún mi ní kò sóhun tó jọ ọ́, pé òun á ṣe é fún mi láàárọ̀ Sátidé, lẹ́nu ọ̀nà ilé mi, kí aago mẹ́sàn-án tó lù. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀? Àbí kí n kàn fi ìda pa á ná? Owó tó máa wọ̀ ọ́ kì í ṣe owó ẹ̀fọ́.

*

Àbúrò, àwọn méjèèjì kò jẹ̀bi tán, wọn kò sì jàre tán. Òtítọ́ ibi tí ẹ̀gbọ́n rẹ wà ló ń sọ. Èyí tó pọ̀ jù nínú ìgò ceramic tó ti gba ọwọ́ mi kọjá ló kọ ọ́ sára pé kí ojú ọjọ́ má wálẹ̀ ju dígírì 10 lọ nígbà tí a bá ń lò ó. Àwọn mìíràn fẹ́ 15. Ní Kánádà, ìlú bíi Winnipeg lè wà ní dígírì 20 sí 30 nísàlẹ̀ òdo nínú oṣù Kìíní. Ta ló fẹ́ fi kẹ́míkà ra irin níta nínú irú ìyẹn? Ní Iléṣà tiwa, àárọ̀ ọyẹ́ tó le gan-an, tí àwọn màmá wa ń yáná, ó ṣòro kó wálẹ̀ ju 15 lọ. Tó bá sì fi máa di ọ̀sán, oòrùn ti lé gbogbo ẹ̀ lọ, àwa náà ti bọ́ súwẹ́tà. Òtútù fúnra rẹ̀ kọ́ ló máa bá ọ jà.

Eruku ló máa bá ọ jà, àti afẹ́fẹ́ gbígbẹ, àti aago tí ọmọkùnrin yẹn dá. Láti ọdún 2009 ni mo ti ń fọwọ́ kan ọ̀dà mọ́tò ní Ilé-Ifẹ̀, ṣọ́ọ̀bù mi wà lójú ọ̀nà Oǹdó. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti ṣe ceramic nínú ọyẹ́ tí mo tún fọwọ́ ara mi họ ọ́ kúrò. Kò sí èyí tí òtútù lásán fà nínú méjèèjì.

Jẹ́ kí n sọ bí nǹkan yìí ṣe ń ṣiṣẹ́, torí ibẹ̀ ni gbogbo àríyànjiyàn ti ń bẹ̀rẹ̀. Nínú ìgò, omi ni ceramic: oje tó ní silica nínú, tí wọ́n pò mọ́ kẹ́míkà tó ń fẹ́ lọ bíi tínnà. Tí o bá fi fóòmù tẹ́ ẹ sórí kílíà, ìyẹn ọ̀dà aláìláwọ̀ tó bo ọ̀dà mọ́tò lókè, kẹ́míkà yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í fò lọ. Àwa a máa wo ojú rẹ̀. Á kọ́kọ́ rin, lẹ́yìn náà àwọ̀ òṣùmàrè á jáde lára rẹ̀, bí ìgbà tí pẹtiróòlù bá kán sínú omi tó dá rogún nílé epo, àwọn ẹ̀kán wẹ́wẹ́ á sì máa wọ́ jọ. Ìgbà yẹn gan-an là ń nù ún. Tí o bá nù ún ṣáájú, orí aṣọ lo kó o sí. Tí o bá pẹ́, ó ti di àpá dúdú tó le, tí kò ní jáde àfi tí o bá gbé ẹ̀rọ pọ́líìṣì sí i. Ní dígírì 25, àsìkò yẹn lè má ju ìṣẹ́jú kan tàbí méjì lọ. Ní 12, ó lè di mẹ́rin, ó lè di márùn-ún. Iṣẹ́ tí òtútù ń ṣe ò jù bẹ́ẹ̀ lọ: ó ń fa àsìkò gùn. Ẹni tó bá mọ̀ á dúró. Ẹni tó bá ń kánjú lọ síbòmíràn á nu owó oníbàárà sínú aṣọ ìnura.

*

Ẹ̀gbọ́n kan láti Mọdákẹ́kẹ́ ti ka ìdáhùn mi yìí, wọ́n sì takò mí. Wọ́n ní ó ti tó ọdún mẹ́ta tí àwọn ti ń ṣe é ní àárọ̀ kùtù, níta, pé àárọ̀ ló dáa jù torí oòrùn ò tíì ràn, mọ́tò ò tíì gbóná. Ọ̀pọ̀ ló gbà pẹ̀lú wọn.

Ẹ̀gbọ́n, ibi tí ẹ ti jàre ni ti oòrùn. Bọ́nẹ́ẹ̀tì dúdú nínú oòrùn ọ̀sán kò ṣeé gbọ́wọ́ lé, ceramic á sì ti gbẹ lórí rẹ̀ kí ẹ tó yí fóòmù padà. Ibi tí mi ò ti lè bá yín lọ ni aago méje àárọ̀. Lóru, irin mọ́tò tó sùn síta máa ń tutù ju afẹ́fẹ́ tó yí i ká lọ, torí ojú sánmọ̀ tó mọ́ gaara ni òrùlé rẹ̀ kọjú sí. Ìdí nìyẹn tí ìrì fi ń sẹ̀ sórí mọ́tò nígbà tí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ gbẹ. Fóònù yín lè sọ pé dígírì 18 ni ìta wà, kí bọ́nẹ́ẹ̀tì má tó bẹ́ẹ̀. Ẹ lè nu ìrì yẹn tán kí òmíràn tún máa yọ́ wá, tẹ́ẹ́rẹ́, tí ojú ò ní rí.

Ohun tó ṣe mí nìyẹn ní oṣù Kìíní ọdún kan. Camry dúdú ni, ti oníbàárà kan tó fẹ́ gbé e lọ sí ìgbéyàwó. Ó ní kí n tètè ṣe é. Mo bẹ̀rẹ̀ ní aago méje kọjá díẹ̀, mo ti fi aṣọ gbígbẹ nu gbogbo ara rẹ̀, mo fọwọ́ kàn án, ó gbẹ. Mo ṣe bọ́nẹ́ẹ̀tì àti òrùlé. Nígbà tí oòrùn jáde ní nǹkan bí aago mẹ́wàá, mo rí i. Gbogbo òrùlé funfun fẹ́ẹ́, bí èémí èèyàn lára gíláàsì. Mo nù ún, kò lọ. Mo fi spírítì nù ún, kò lọ. Ìrì ti bá ceramic pàdé kó tó dì. Ọjọ́ méjì ni mo fi pọ́líìṣì rẹ̀ dànù, oníbàárà náà wọ ọkọ̀ ẹlòmíràn lọ sí ìgbéyàwó náà. Ó ṣì ń dùn mí dòní.

Ní báyìí, bọ́nẹ́ẹ̀tì Peugeot 504 kan wà ní ṣọ́ọ̀bù mi tí mi ò tà, tí mi ò sì ní tà. Kí n tó fi ceramic kan mọ́tò oníbàárà, orí rẹ̀ ni mo ti ń kọ́kọ́ tẹ́ ẹ, ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ mi péré. Mo ń kà á. Iye tí mo bá kà kí òṣùmàrè tó jáde ni màá fi ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, aago mẹ́jọ àárọ̀, mo kà dé 230. Nígbà tó di aago kan ọ̀sán lọ́jọ́ kan náà, mi ò kà kọjá 70. Ìgò kan náà ni o.

*

Àwọn kan ní kí a má da ara wa láàmú, pé àwọn ọ̀gá wa nídìí ọ̀dà ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé ọyẹ́ ni ìgbà iṣẹ́, torí òjò kò ní ká iṣẹ́ mọ́ni lọ́wọ́. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Lágeré náà ń sọ bẹ́ẹ̀, mi ò sì lè bá wọn jiyàn lórí ọ̀dà. Ọ̀dà àti kílíà tí a ń pò mọ́ hádínà, inú ara wọn ni wọ́n ti ń rí ohun tó ń mú wọn le. Ceramic ò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ni wọ́n ń mu kí wọ́n tó di líle. Tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ kankan, tí ètè ń là, tí ẹsẹ̀ ń ya, ojú rẹ̀ á gbẹ kíákíá torí atẹ́gùn ń fẹ́, inú rẹ̀ á sì ṣì rọ̀. Ìwọ á rò pé ó ti tán. O gbé mọ́tò síta lálẹ́, eruku bà lé e, ó dì mọ́ ọn.

Ohun tí àwọn ọ̀gá wa ń ṣe kí wọ́n tó fín ọ̀dà, kí wọ́n kọ́kọ́ da omi sílẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, ó wúlò níbí lẹ́ẹ̀mejì. Omi yẹn á de eruku mọ́lẹ̀, á sì fún afẹ́fẹ́ ní ọ̀rinrin díẹ̀. Ṣùgbọ́n kó jẹ́ ilẹ̀ ni ẹ da omi sí, kí ẹ má ṣe ta á sára mọ́tò.

*

Ọ̀rọ̀ eruku yìí, ẹ jẹ́ kí n dúró lórí ẹ̀, torí mo rí i pé àwọn èèyàn ń fojú kéré e.

Eruku ọyẹ́ yàtọ̀ sí iyẹ̀pẹ̀ pupa tí táyà ń gbé dìde lójú ọ̀nà Ìtagúnmódì. Láti aṣálẹ̀ Sàhárà ni afẹ́fẹ́ ń gbé e wá. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ń bọ̀ láti ilẹ̀ adágún kan tó ti gbẹ ní Ṣáàdì, tí wọ́n ń pè ní Bodélé. Ó kúnná débi pé ó ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, ó ń bà lé orí búrẹ́dì. Nínú rẹ̀ ni quartz wà, irú òkúta tó ń bẹ nínú yanrìn. Quartz le ju kílíà lọ fíìfíì. Kílíà ara mọ́tò rẹ kò ju nǹkan bí 40 sí 50 micron lọ (micron kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà), ó fẹ́ẹ́rẹ́ ju fọ́nrán irun orí kan ṣoṣo. Ceramic tí o fẹ́ fi lé e, micron kan tàbí méjì ni. Ẹni tó bá wá mú aṣọ gbígbẹ, tó fi gbọn eruku ọyẹ́ lára mọ́tò dúdú láràárọ̀, sáńdípépà ló ń fi pa á. Gbé irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ sábẹ́ iná ilé epo lálẹ́, wàá rí i: àwọn ilà róbótó róbótó bí ìtàkùn aláǹtakùn yí gílóòbù ká.

Bí ilà yẹn bá wà kí o tó fi ceramic bò ó, o ti fi gíláàsì bo ìdọ̀tí nìyẹn. Á máa dán, ilà á sì máa hàn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀nà tí mo fi ń mọ̀ bóyá ara ọ̀dà mọ́. Lẹ́yìn tí mo bá ti fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, tí mo ṣan án, mo máa ń ki ọwọ́ bọ inú ọ̀rá fẹ́ẹ́rẹ́, irú èyí tí wọ́n fi ń di iyọ̀ lọ́jà, màá wá fi ìka ra bọ́nẹ́ẹ̀tì jẹ́ẹ́jẹ́. Ohun tí ọwọ́ lásán ò lè mọ̀, ọ̀rá yẹn á jẹ́ kí o mọ̀ ọ́n. Tó bá ń ṣe kùrẹ̀kùrẹ̀ bí awọ ọ̀pọ̀lọ́, ìdọ̀tí ti wọ inú kílíà, amọ̀ tí wọ́n ṣe fún ara ọ̀dà ló máa gbà á jáde. Tó bá ń yọ̀ bí ẹ̀yìn àwo, ó kù kí o fi spírítì nù ún.

*

Ó yẹ kí n ti retí èyí. Ẹnì kan ní kí ni gbogbo wàhálà yìí fún, pé kẹrosíìnì àti díísù ni bàbá òun fi ń nu Peugeot rẹ̀ láti Iléṣà dé Èkó, ó sì ń dán ju ti gbogbo wa lọ. Àwọn mẹ́ta mìíràn ti kín in lẹ́yìn.

Mi ò ní bú bàbá ẹnikẹ́ni. Mo mọ̀ pé ó ń dán. Epo ni, kò sí epo tí kì í dán. Ṣùgbọ́n ẹ lọ wo mọ́tò yẹn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà nínú ọyẹ́. Gbogbo eruku tó bá kọjá ló máa bà lé e tí kò sì ní lọ, bí eṣinṣin lórí oyin. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n tún máa fi aṣọ kan náà tó ti kún fún yanrìn nù ún, wọ́n á tún fi kẹrosíìnì sí i. Lẹ́yìn ọdún méjì kílíà á ti kú, ọ̀dà á funfun, rọ́bà etí gíláàsì á wú. Mo ti gba irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ju ogún lọ ní Ifẹ̀ yìí. Kò sí ọ̀kan tí pọ́líìṣì nìkan gbà là, ọ̀dà tuntun ni gbogbo wọn padà gbà. Ẹ bi àwọn tó ń ṣe ọ̀dà ní Sábó bóyá irọ́ ni mo ń pa.

Bákan náà ni ọṣẹ ìfọṣọ oníyẹ̀fun. Aṣọ ni wọ́n ṣe é fún. Ó máa ń bó ìda kúrò lára mọ́tò, ó sì máa ń pa ọ̀nà tí omi fi ń yí bìrìbìrì lórí ceramic. Ẹ ra ọṣẹ tí wọ́n ṣe fún mọ́tò.

*

Ọmọ Ifẹ̀ kan tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ní Winnipeg ti wọlé sí ọ̀rọ̀ náà, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ torí ó kọ́ wa ní nǹkan. Ó ní àwọn kì í kàn mú afẹ́fẹ́ ṣọ́ọ̀bù gbóná. Irin gan-an làwọn ń dúró dè. Mọ́tò máa ń sùn mọ́jú nínú ilé tó gbóná kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án, torí afẹ́fẹ́ lè gbóná ní wákàtí kan kí irin ṣì tutù bí yìnyín. Ó ní iná infrared, iná tó ń mú nǹkan gbóná, làwọn ń tàn sí i lẹ́yìn náà kó lè tètè le. Ó tún ní iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì kí yìnyín lè yọ́ ló ń jẹ irin mọ́tò wọn, òun ló sì mú kí gbogbo ènìyàn fẹ́ fi nǹkan bo mọ́tò kí òtútù tó wọlé, ní oṣù Kẹsàn-án, oṣù Kẹwàá.

Ẹ gbọ́ ibẹ̀ yẹn dáadáa: kí òtútù tó wọlé. Ìyẹn la lè mú lára tiwọn. Lọ́dọ̀ tiwa, oṣù Kẹwàá sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá, nígbà tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀ tí eruku ò tíì dé, ìgbà yẹn ló yẹ kí ẹni tó bá fẹ́ ceramic wá. Àwọn èèyàn kì í rántí àfi tí Kérésìmesì bá ku ọ̀sẹ̀ kan.

Iná infrared, mi ò ní i. Ẹnì kan ní kí a lo gílóòbù tí wọ́n fi ń mú òròmọdìyẹ móoru. Mo ti gbìyànjú irú ẹ̀ rí. Ojú kan á gbóná jù, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á tutù, iná mànàmáná á sì lọ ní àárín iṣẹ́. Oòrùn wà, ẹ jẹ́ kó bá wa ṣe é. Mọ́tò tó bá ti sùn sábẹ́ òrùlé, tí ẹ ṣí ilẹ̀kùn gáréèjì fún láti aago mẹ́wàá, irin rẹ̀ á ti bá afẹ́fẹ́ dọ́gba kí aago méjìlá tó lù. Iná kankan ò ní ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ fún wa níbí.

*

Ìyá kan tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ béèrè bóyá ceramic lè gba mọ́tò wọn lọ́wọ́ ìgbẹ́ àdán. Ma, mo mọ àdán tí ẹ ń sọ, gbogbo ẹni tó bá ti páàkì sábẹ́ igi wọ̀nyẹn rí ló mọ̀ wọ́n. Ó máa fún yín láàyè díẹ̀, kò ní dí i pátápátá. Lórí kílíà lásán, tí oòrùn bá ràn sí i, ó lè jẹ wọlé láàárín ọjọ́ kan. Lórí ceramic, ó ṣeé ṣe kí ẹ bá a kó tó jẹ wọlé, tí ẹ bá tètè da omi sí i. Ẹ má fi ọwọ́ tàbí aṣọ gbígbẹ họ ọ́, torí kóró èso máa ń wà nínú rẹ̀. Ẹ gbé ìgò omi àti aṣọ rírọ̀ sínú búùtù.

*

Ó yá, a padà sọ́dọ̀ àbúrò mi ará Ìsọ̀kùn. O béèrè nípa ìda, mi ò tíì dá ọ lóhùn.

Ìda tí mo mọ̀ tó dáa ni carnauba, ara ewé ọ̀pẹ kan tó ń hù ní Bràsílì ni wọ́n ti ń rí i. Ó ń dán, ó ń jinlẹ̀ lójú, pàápàá lórí dúdú. Nínú àárọ̀ ọyẹ́ ó máa ń le nínú agolo bí òrí tó dì, tí o bá fi tipátipá pa á, á ṣe wóró wóró. Gbé agolo náà sínú oòrùn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, á rọ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé kì í pẹ́. Nínú oòrùn tiwa, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, o ti ń wá òmíràn.

Ìmọ̀ràn mi nìyí, mo sì mọ̀ pé á bí àwọn tó ń ta ceramic nínú: tí o kò bá ní ibi tó ní òrùlé àti ògiri, má ṣe ceramic títí ọyẹ́ fi máa kọjá. Fi ìda pa á nísinsìnyí, owó rẹ̀ kò pọ̀. Dúró di ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, tí eruku ti wálẹ̀. Tí o bá rí gáréèjì tó ṣeé tì, ṣe é, ọyẹ́ ò ní dí ọ lọ́wọ́. Ilẹ̀kùn tó ṣeé tì ni ọ̀rọ̀ yìí dúró lé. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ṣe é lẹ́nu ọ̀nà rẹ, ìbáà jẹ́ aago mẹ́sàn-án, ìbáà jẹ́ ọ̀sán.

*

Ó ti rí gáréèjì, ti àbúrò bàbá rẹ̀ ní Òkèṣà. Ó ní kí n sọ bí ọjọ́ náà ṣe máa lọ, kí òun lè dúró ti ẹni tó máa ṣe é.

Ọjọ́ Jímọ̀, ní ìrọ̀lẹ́, kí ó fọ mọ́tò, kí ó lo amọ̀, kí ó fi ẹ̀rọ pọ́líìṣì yọ àwọn ilà tó bá wà. Omi kànga tó ní iyọ̀ inú ilẹ̀ máa ń fi àpá funfun sílẹ̀ tó bá gbẹ lára mọ́tò, nítorí náà kí ó nù ún gbẹ lójú ẹsẹ̀. Kí mọ́tò sùn sínú gáréèjì. Tí ilẹ̀kùn bá ní ihò lábẹ́, ẹ fi aṣọ tútù dí i.

Sátidé, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan títí di aago mọ́kànlá. Ẹ da omi sílẹ̀. Ẹ gbé àwo dúdú kan tó mọ́ sórí àpótí níbẹ̀, ẹ lọ jẹun, kí ẹ padà lẹ́yìn ìdajì wákàtí. Fi ìka kan fa ilà sínú àwo náà. Bí ilà náà bá hàn, eruku ṣì ń bà, ẹ dúró. Bí kò bá hàn, ẹ bẹ̀rẹ̀. Kí ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì: kí ó má tutù bí àmù, kí ó má sì gbóná bí ìkòkò. Kí ó fi spírítì nu apá ibi tó fẹ́ ṣe, kó tẹ́ ceramic sí ìwọ̀n tí apá rẹ̀ lè dé láìrìn, kó ka iye tó ti kọ́kọ́ kà lórí irin àdánwò, bí mo ṣe ń ṣe lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì 504, kó nù ún pẹ̀lú aṣọ méjì, ọ̀kan fún kíkó, ọ̀kan fún dídán. Kó tan iná fóònù sí i láti ẹ̀gbẹ́ kó tó sún síwájú. Iná láti òkè máa ń tan ni jẹ.

Tó bá tán, kí mọ́tò sùn síbẹ̀ títí di ọjọ́ Ajé. Nínú ọyẹ́, mo máa ń fi ọjọ́ kan kún iye tí wọ́n kọ sára ìgò, torí gbígbẹ afẹ́fẹ́ yẹn. Omi kò gbọdọ̀ kàn án. Ọṣẹ di lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Bí eruku bá bà lé e láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, fi í sílẹ̀. Mo mọ̀ pé ó máa ń yọni lẹ́nu láti fi mọ́tò tuntun sílẹ̀ pẹ̀lú eruku níwájú àlejò. Fi í sílẹ̀.

*

Ó ti ṣe é. Ó fi àwòrán ránṣẹ́, omi ń yí lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì bí ìlẹ̀kẹ̀, inú mi dùn gan-an. Ṣùgbọ́n ó ní ojú kan wà lórí búùtù, tó tó ẹyọ owó méjì, tó dúdú díẹ̀ tí aṣọ ò gbé kúrò. Ọjọ́ kẹrin rèé. Ẹnì kan ti ní kó fi ceramic tuntun sí i, kó nù ún kíá, pé á tú.

Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ kìíní ni, ǹ bá sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ceramic tuntun máa ń tú èyí tí ò tíì le, mo ti fi gba ara mi là. Ní ọjọ́ kẹrin, ó ti pẹ́ jù, wàá kàn fi àpá lé àpá ni. Pọ́líìṣì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló máa gbé e, pẹ̀lú ọwọ́, níbi ìwọ̀n yẹn nìkan, kí a tún tẹ́ ceramic díẹ̀ padà.

Gbé e wá sí Ifẹ̀ ní ọjọ́rú. Má jẹ́ kí ọmọkùnrin yẹn fi nǹkan kan nù ún kí o tó gbéra. Kí o dé kí aago mọ́kànlá tó lù, kí a gbé e sábẹ́ òrùlé, torí ọ̀nà Iléṣà síbí á ti mú un gbóná. Màá ti ka tọjọ́ náà lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì 504 kí o tó dé.